Obìnrin Tó Fi Àlùbọ́sà Bo Ìwé

Akọ̀wé ilé-ìwé gbá òǹtẹ̀ mọ́ ìwé náà, gbàù, ó fẹ́ atẹ́gùn sí yíǹkì rẹ̀ kó lè tètè gbẹ, ó wá gbé e síwájú ọmọbìnrin náà lórí tábìlì ilé ìkàwé bí ẹni tó ń gbé oúnjẹ fún àlejò pàtàkì.

"Èsì rẹ dé láti òkè òkun. Má wá sọ pé mi ò ṣe ọ́ lóore o."

Ọjọ́bọ̀ ni. Ọjọ́rú ni ìwé náà ìbá ti wúlò.

Ọmọbìnrin náà, tí gbogbo ilé-ìwé ń pè ní Alálàá, ka ìlà méjì àkọ́kọ́, ó sì jókòó láì wẹ̀yìn wò bóyá àga wà níbẹ̀. Orí bá a ṣe é, àga wà níbẹ̀.

"Ọ̀rẹ́ wa ọ̀wọ́n," báyìí ni ìwé náà ṣe bẹ̀rẹ̀, "a ti wá obìnrin tí ẹ béèrè. A wo àkọsílẹ̀ àwọn òpìtàn ìgbà ayé rẹ̀, a wo ti àwọn tó dé lẹ́yìn wọn, a tún bi èèyàn méjì tó mọ Bàgídáàdì àtijọ́ ju àwa lọ. Kò sí níbì kankan. Ó dùn wá láti sọ fún yín pé a kò rò pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ gbé ayé rí."

Ní igun òkè ìwé náà, ọjọ́ tó wọlé wà níbẹ̀ gbọnrangandan: Ọjọ́ Ajé.

"Ọjọ́ Ajé ló ti dé! Ẹ jọ̀ọ́, Ọjọ́ Ajé ló ti wà lọ́wọ́ yín!"

"Ọjọ́ Ajé ló dé inú ẹ̀rọ," Akọ̀wé dáhùn. "Òní ló dé ọwọ́ mi. Ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ ímeèlì, ìwọ náà mọ̀. Àbí ojoojúmọ́ lo fẹ́ kí n máa tẹ ìwé jáde? Ṣé odò ni mo ti ń pọn yíǹkì ni?"

Òótọ́ ni, ó mọ̀. Bí nǹkan ṣe ń lọ nílé-ìwé náà nìyẹn. Ọ̀gá Àgbà ló pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kọ̀wé sí ará ìta gbọ́dọ̀ gba orí àdírẹ́sì ilé-ìwé, kí orúkọ ilé-ìwé má bàa bàjẹ́. Akọ̀wé nìkan ló mọ ọ̀rọ̀ tó ń ṣí àdírẹ́sì náà. Bó bá ti di Ọjọ́bọ̀, á tẹ gbogbo ímeèlì jáde, á kọ wọ́n sínú ìwé ńlá kan, á lù wọ́n lóǹtẹ̀, á sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ pín wọn kiri láti yàrá dé yàrá. Ẹnì kankan ò tíì ráhùn rí, torí ẹnì kankan ò tíì gba ímeèlì tó ń kánjú rí.

"Ó jọ pé kì í ṣe ìròyìn ayọ̀," Akọ̀wé sọ, ohùn rẹ̀ ti rọ̀.

"Wọ́n ní kò sí."

"Kí ni kò sí?"

"Ìyá Alálùbọ́sà."

Akọ̀wé bú sẹ́rìn-ín. "Ta ni kò sí? Èmi tí mo ka ìtàn rẹ̀ ní kíláàsì kẹta, tí mo gba mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá! Sọ fún wọn kí wọ́n padà lọ wá a dáadáa." Ó fi òǹtẹ̀ rẹ̀ há abíyá, ó bá tirẹ̀ lọ.

Kò sí ẹni tó gba ilé-ìwé yẹn kọjá tí kò mọ Ìyá Alálùbọ́sà. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Mọ̀ngólì ya wọ Bàgídáàdì, tí wọ́n ń da ìwé inú ilé ìkàwé sínú odò, tí omi odò dúdú bí ìdí ìkòkò nítorí tàdáwà, obìnrin adàwékọ kan wà nínú ìlú náà. Ó kó ìwé tí agbára rẹ̀ ká sínú agbọ̀n méjì, ó da àlùbọ́sà lé wọn lórí, ó so agbọ̀n náà mọ́ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún àti òsì, ó sì kọrí sí ẹnubodè. Orúkọ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ náà ni Sùúrù. Kí ọmọ ogun tó ń ṣọ́ ẹnubodè tó ki ọwọ́ bọ agbọ̀n, obìnrin náà ti la mẹ́ta nínú àlùbọ́sà rẹ̀ sí méjì. Ojú bẹ̀rẹ̀ sí í ta ọmọ ogun, omi ń dà lójú rẹ̀ pòròpòrò, ó ní kó máa lọ, kó máa lọ, kó kúrò níwájú òun. Ogójì ọjọ́ ló fi rìn nínú aṣálẹ̀. Àwọn ìwé náà rùn títí ayé, ṣùgbọ́n wọ́n yè.

Bí Tíṣà ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn. Tíṣà yìí ló fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kọ́ni ní Ìtàn Àgbáyé nílé-ìwé náà. Ọdún-Mélòó ni àwọn ọmọ ń pè é lẹ́yìn, torí kò sí ohun tí wàá sọ fún un tí kò ní bi ọ́ pé ọdún mélòó. Wọ́n ní lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, nígbà tí wọ́n bi í bóyá yóò máa tọ́jú ìyàwó rẹ̀, òun náà béèrè pé, "Fún ọdún mélòó?"

Òun ló sọ ọmọbìnrin náà ní Alálàá. Ojú fèrèsé ló máa ń jókòó sí nínú kíláàsì, bí Tíṣà bá ń kọ́ni, òun á ti bá àwọsánmà lọ. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni kò wo ìta. Lọ́jọ́ tí wọ́n sọ ti Ìyá Alálùbọ́sà, ó gbé ìwé àjákọ rẹ̀ símú, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé ó ń rùn. Láti ọjọ́ náà ló ti ń yá ìwé ìtàn kà lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ àti ẹni tí kò mọ̀. Nígbà tó jáde ìwé mẹ́wàá tí kò sí ọ̀nà àtilọ síwájú, ilé ìkàwé ilé-ìwé náà ló gbà á síṣẹ́ láti máa nu eruku, láti máa ka iye ìwé, láti máa sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n panu mọ́. Nígbà tí ojú Tíṣà wá di bàìbàì tó sì fẹ̀yìn tì, Ọ̀gá Àgbà ní kí Alálàá bá wọn mú iṣẹ́ Ìtàn Àgbáyé "fún ìgbà díẹ̀ ná." Ìgbà díẹ̀ náà ti di ọdún méjì.

Ohun tó jogún lọ́wọ́ Tíṣà ò ju méjì lọ: ìwé àjákọ rẹ̀ tó ti gbó, àti ìwé Ìtàn Àgbáyé kan ṣoṣo tí wọ́n fi aṣọ lẹ ẹ̀yìn rẹ̀ bí ẹni di ọgbẹ́. Ìwé kan, ogójì ọmọ. Ibẹ̀ ni Alálàá ti di ẹni tó ń wá nǹkan lórí ayélujára.

Kọ̀ǹpútà ilé ìkàwé ti darúgbó, bó bá ń ṣí ojú òpó kan, á máa mí hẹlẹhẹlẹ bí àgbà tó ń gun òkè. Ṣùgbọ́n bó bá ti ṣí i tán, ayé á wọlé. Ó rí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan tó gbé àwòrán òkúta pẹlẹbẹ síta fún ẹni tó bá fẹ́ wò ó: ará Íjíbítì àtijọ́ kan ló kọ orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ tí kò wá síbi iṣẹ́ sára rẹ̀, pẹ̀lú ìdí tí kálukú ò fi wá. Àkekèé ta èyí, ojú ń dun ìyẹn, òmíràn ń pọn ọtí nílé. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín títí. Lọ́jọ́ kejì, ọmọbìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Agbẹjọ́rò, torí kò sí olùkọ́ tí kì í bá rojọ́, pẹ́ dé, ó ní àkekèé ló ta òun. Alálàá tún rí àwòrán ilẹ̀ tí èèyàn lè fi ìka fà láti ọdún dé ọdún, tí àwọn ìjọba ń wú tí wọ́n sì ń rọ bí àyà ẹni tó ń sùn. Ó rí lẹ́tà tí àwọn ọmọ ogun kọ sí ìyá wọn. Gbogbo ojú òpó tó bá rí ló ń kọ sínú ìwé àjákọ kan, ó sì ń kọ èrò rẹ̀ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́: *Èyí dára. Èyí dára ṣùgbọ́n ó gùn. Èyí ń parọ́. Èyí ń ta oògùn irun.*

Nígbà tó rí i pé irọ́ pọ̀ níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ó kọ ìbéèrè mẹ́ta sójú pátákó, ó ní kí wọ́n má pa á rẹ́: *Ta ló sọ ọ́? Báwo ló ṣe mọ̀? Ta ló tún sọ bẹ́ẹ̀?*

Kò bi Ìyá Alálùbọ́sà ní ọ̀kankan nínú wọn rí. Ta ló ń bi ìyá rẹ̀ pé báwo ló ṣe mọ̀ pé òun ni ìyá òun?

Ìdíje àwọn ilé-ìwé ló dé. Wọ́n ní kí kíláàsì kọ̀ọ̀kan mú ẹnì kan nínú ìtàn àgbáyé tí ayé ò kà sí. Àwọn ọmọ ò tilẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Odidi oṣù kan ni Alálàá fi wá àwòrán Ìyá Alálùbọ́sà, tàbí ibojì rẹ̀, tàbí ìlà kan péré nípa rẹ̀. Ó kọ ọ̀rọ̀ náà báyìí, ó kọ ọ́ báyẹn. Ohun tí kọ̀ǹpútà ń gbé jáde fún un ni bí a ṣe ń se ọbẹ̀ àlùbọ́sà, àti ojú òpó mọ́kànlá tó ń kọ́ni bí a ṣe ń fi omi àlùbọ́sà hu irun. Ó gbà pé òun lòun ò mọ̀ ọ́n wá. Àwọn tó lọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga, ó dájú pé ibì kan wà tí wọ́n máa ń tẹ̀ tí ilẹ̀kùn á ṣí. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ. Ó bá kọ̀wé sí ilé ìkàwé ńlá kan lókè òkun, ó ń retí, ó ń retí. Nígbà tó di àná, tí aago méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, tí wọ́n fẹ́ ti ilẹ̀kùn ìdíje, ó gba ojú òpó ìdíje fi ojú ewé méjìlá àwọn ọmọ ránṣẹ́. Ohun tó bá ti lọ ò ṣeé fà padà. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ọmọ márùn-ún máa dúró níwájú àwọn adájọ́, wọ́n á fi ìṣẹ́jú márùn-ún sọ̀rọ̀. Ọ̀gá Àgbà sì ti sọ ọ́ létí gbogbo olùkọ́: bí Ìtàn Àgbáyé ò bá gba ipò kankan lọ́tẹ̀ yìí, àsìkò rẹ̀ á di ti ìṣirò.

Alálàá ka ìwé tó ní òǹtẹ̀ náà lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ̀rù bà á dé ìka ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n nísàlẹ̀ ẹ̀rù náà, nǹkan kan fúyẹ́ nínú rẹ̀, ojú sì tì í pé ó fúyẹ́. Kì í ṣe pé ọwọ́ òun ò tó pẹpẹ. Kò sí nǹkan lórí pẹpẹ ni.

Ó yí ìwé náà padà. Ìlà díẹ̀ kù lẹ́yìn rẹ̀. "Ìwé Ìtàn Àgbáyé tí ẹ sọ pé ẹ fi ń kọ́ àwọn ọmọ wà lọ́dọ̀ wa. A ti ya fọ́tò gbogbo ojú ewé rẹ̀ sórí ayélujára, ọ̀fẹ́ ni. Bóyá ó máa ràn yín lọ́wọ́." Àdírẹ́sì gígùn kan tẹ̀ lé e. Torí pé orí ìwé ló wà, kò ṣeé tẹ̀ ṣí. Ó ní láti fi ìka kan tẹ̀ ẹ́ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ó ṣì í lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kẹta, kọ̀ǹpútà mí kanlẹ̀, èèpo ìwé tó mọ̀ bí ojú ẹni wá yọ lójú rẹ̀, láìsí aṣọ ẹ̀yìn, láìsí àbàwọ́n.

Ìwé ti ilé-ìwé ò ní ewé kan. Gbogbo ayé mọ̀, wọ́n ní eku ló jẹ ẹ́. Ojú ewé kẹrìndínláàádọ́rùn-ún parí síbi tí wọ́n ti ń da ìwé sódò, ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn níbẹ̀ ni "Ṣùgbọ́n." Bí èèyàn bá ṣí i, ó di ojú ewé kọkàndínláàádọ́rùn-ún: "títí di òní ni a ṣì ń ka díẹ̀ nínú wọn." Láàárín "Ṣùgbọ́n" àti "títí di òní" ni Ìyá Alálùbọ́sà ti ń rìn nínú aṣálẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá.

Alálàá ka ewé tó sọnù náà. Ó kà á tán, ó tún un kà. Ó wá fa ìwé àjákọ rẹ̀ sún mọ́ ọn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dà á kọ.

"Àǹtí!" Agbẹjọ́rò ti yọ lẹ́nu ọ̀nà, búrẹ́dì ṣì wà lẹ́ẹ̀kẹ́. "Mo ti há gbogbo ẹ̀ sórí. Tí wọ́n bá bi mí ní orúkọ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ pàápàá, mo ti múra sílẹ̀."

"Tí wọ́n bá wá bi ọ́ pé ta ló sọ ọ́ ńkọ́?"

"Màá ní ẹ̀yin lẹ sọ fún wa, Tíṣà ló sọ fún yín."

"Báwo ni Tíṣà ṣe mọ̀?"

Agbẹjọ́rò la ẹnu, ó tún pa á dé. Wọn ò rí irú rẹ̀ rí nílé-ìwé náà. "Ẹ ò kọ́ wa nìyẹn," ó ní. Ó wo ìwé tó ní òǹtẹ̀, ó wo ojú Àǹtí rẹ̀. "Ṣé wàhálà wà ni?"

"Lọ parí búrẹ́dì ẹ."

Nígbà tí ilé-ìwé jáde, Alálàá gba òpópónà kejì, ó kọjá níwájú ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, ó gun àtẹ̀gùn lọ sókè. Gbogbo ọ̀nà ló fi ń to ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ó ń rò ó lọ, ó sì kọ̀ láti rò ó dé òpin, torí ẹni tí òtítọ́ fẹ́ lé bá yìí ló kọ́ òun ní gbogbo ohun tí òun mọ̀. Bóyá ẹnì kan ló tan Tíṣà náà jẹ. Bóyá ó ti gbàgbé ibi tó ti kà á. Ó ń wá àwáwí fún un bí ẹni tó ń wá owó sápò.

Ìyàwó Tíṣà, aránṣọ, wà nídìí ẹ̀rọ rẹ̀, aṣọ ilé-ìwé tí kò tíì ní apá pọ̀ jọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Ẹ káàsán, Mà."

"Alálàá! Ṣé o jí ni, àbí ojú oorun lo ti rìn wá? Bọ́ sí inú. Ọ̀gá ẹ wà lójú fèrèsé, ó ń yọ redíò lẹ́nu."

Tíṣà jókòó pẹ̀lú awò dúdú lójú. Ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún un, dókítà sì ti ní kò gbọ́dọ̀ kàwé, kò gbọ́dọ̀ gbé ẹrù, kò gbọ́dọ̀ sunkún.

"Ọjọ́ mélòó ló kù sí ìdíje?" Kò tíì kí i tán tó ti béèrè.

"Ọ̀túnla ni, Tíṣà." Gbogbo ọ̀rọ̀ tó tò lẹ́nu tú ká. Èyí tó kù ló sọ. "Tíṣà, mo rí ojú ewé kẹtàdínláàádọ́rùn-ún."

Ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́.

Tíṣà na ọwọ́, ó wá ojú redíò, ó pa á. "Níbo?"

"Lórí ayélujára. Gbogbo ìwé náà ló wà níbẹ̀, odidi."

"Odidi."

"Odidi, Tíṣà."

   Èjìká Tíṣà sọ̀ kalẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí ti ẹni tí wọ́n ń bá sọ ẹrù.

"Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n," ó ní. "Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń retí ẹni tó máa wọlé wá sọ gbólóhùn yẹn fún mi. Lọ́dún àkọ́kọ́, mo rò pé ọlọ́pàá ló máa jẹ́." Ó mí kanlẹ̀. "Ó tẹ́ mi lọ́rùn pé ìwọ ni."

Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbaṣẹ́ ni, kò tíì pé oṣù kan. Alábẹ̀wò dé láìròtẹ́lẹ̀, ó lọ jókòó sẹ́yìn kíláàsì pẹ̀lú páálí ìkọ̀wé lórí itan. Ojú ewé kẹrìndínláàádọ́rùn-ún ni Tíṣà kà dé lálẹ́ àná rẹ̀. Ó ṣí i níwájú gbogbo ọmọ, ewé tó kàn ò sí. Ọmọbìnrin kékeré kan ní ìlà iwájú wá béèrè pé, "Tíṣà, ṣé gbogbo ìwé yẹn ṣe bẹ́ẹ̀ ṣòfò ni?"

"Omi ti lé ròrò sójú ẹ̀," Tíṣà ní. "Nítorí ìwé o! Mo lanu, mi ò mọ ohun tó máa jáde. Ìyá mi ló jáde."

"Ìyá yín?"

"Àlùbọ́sà ló ń tà. Bàbá mi ò fẹ́ kí n kàwé, iṣẹ́ ọwọ́ tiẹ̀ ló fẹ́ kí n kọ́. Ó ti àwọn ìwé mi mọ́nú àpótí. Ìyá mi á jí wọn kó láàárọ̀, á tẹ́ wọn sísàlẹ̀ agbọ̀n, á da àlùbọ́sà lé wọn, á gbé e kọjá níwájú ẹ̀. Èmi á ti dúró dè é níbi tí ọ̀nà ti yà. Gbogbo ìwé mi ló ń rùn. Kò sẹ́ni tó fẹ́ jókòó tì mí ní kíláàsì."

"Títí dòní náà ni," ìyàwó rẹ̀ sọ láti ẹ̀yìn ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ tutù.

"Sùúrù ńkọ́, Tíṣà?"

"Kò sí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kankan. Orí ara ẹ̀ ló fi ń rù ú."

Alálàá fa àga kan, ó jókòó.

"Mo ní tó bá di ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, màá tún un sọ," Tíṣà ń bá a lọ. "Alábẹ̀wò ti kọ ọ́ pé olùkọ́ àwòfiṣàpẹẹrẹ ni mí. Àwọn ọmọ ti sọ fún gbogbo ilé-ìwé. Nígbà tó di ọdún kejì, kí n tó dé orí ẹ̀kọ́ yẹn, àwọn ọmọ tuntun ló ń bi mí pé ìgbà wo ni a máa dé ọ̀dọ̀ Ìyá Alálùbọ́sà. Irọ́ dùn-ún bẹ̀rẹ̀. Ibi téèyàn máa sọ ọ́ kalẹ̀ sí ni kì í rí." Ó fi ọwọ́ pa apá àga. "Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n fẹ́ ra ìwé tuntun, ogójì, fún gbogbo ọmọ. Èmi ni mo ní kí wọ́n má rà á. Torí ìwé tuntun máa ní ewé yẹn nínú."

Èyí ló dun Alálàá. Ogójì ọmọ lórí ìwé kan. Òun náà ti jẹ́ ọ̀kan nínú wọn rí, tó ń na ọrùn bí ògòǹgò kó lè rí ìlà kan. Ahun Ọ̀gá Àgbà ló kà á sí láti ọjọ́ yìí. "Tíṣà, ìyẹn ò dáa," ó ní. Kò sọ irú rẹ̀ fún un rí.

"Kò dáa. Mo mọ̀."

 Nísàlẹ̀, ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ń fẹ́ atẹ́gùn sí táyà, fùú, fùú.

Tíṣà wá tẹ̀ síwájú. "Kí ló wà níbẹ̀?"

"Ẹ ò tíì kà á rí?"

"Níbo ni ǹ bá ti kà á?"

Alálàá ṣí ìwé àjákọ rẹ̀.  "'Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn ló ṣègbé,'" ó kà. "'Onímọ̀ kan wà lọ́dọ̀ ọ̀gágun tó ṣẹ́gun ìlú náà, ẹni tó mọ ìràwọ̀ kà. Àwọn òpìtàn kan sọ pé òun ló kó ọ̀pọ̀ ìwé yọ kí wọ́n tó ṣòfò. Àwọn kan ní wọ́n tó ogún ọ̀kẹ́, àwọn mìíràn ní iye náà ti pọ̀ jù. Ó kó wọn lọ sí ìlú Màrágà, níbi tí wọ́n ti kọ́ ilé tí wọ́n ti ń wo ìràwọ̀, tí àwọn ọmọ ilẹ̀ oríṣiríṣi sì wá kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀.'"

"Ọdún mélòó sí ìgbà tí ìlú ṣubú?"

"Ọdún kan péré, Tíṣà, ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́lé náà."

"Nítorí náà, wọn ò ṣòfò."

"Kì í ṣe gbogbo wọn."

"Ọmọ yẹn béèrè, mo sì sọ fún un pé wọn ò ṣòfò. Mi ò mọ̀ pé òótọ́ ni." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó ń mi gbogbo àyà rẹ̀, omi sì yọ́ jáde lábẹ́ awò dúdú náà, ó ń ṣàn lọ sí irùngbọ̀n rẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ dìde fùú. "Dókítà ní o ò gbọ́dọ̀ sunkún!"

"Àlùbọ́sà ni," Tíṣà dáhùn.

Obìnrin náà fi etí aṣọ tí kò ní apá nù ún lójú, ó ń bú u, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó parí, ó yíjú sí Alálàá. "Ó ti tán nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí ti Àbámẹ́ta kọjá ná. Ta ló máa mọ̀?"

"Rárá," Tíṣà ní. "Màá lọ bá Ọ̀gá Àgbà láàárọ̀. Kí wọ́n yọ orúkọ kíláàsì kúrò nínú ìdíje, kí ojú má ti àwọn ọmọ."

Alálàá gbọ́ àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n ìwé àjákọ tó wà lórí itan rẹ̀ ló ń wò. Ojú òpó mọ́kànléláàádọ́ta ló wà nínú rẹ̀, èrò rẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀gbẹ́ orúkọ kan ṣoṣo ló ṣófo, torí kò mọ ohun tó lè kọ síbẹ̀ láti oṣù kan. Ìyá Alálùbọ́sà. Ta ló sọ ọ́? Tíṣà. Báwo ló ṣe mọ̀? Ó dúró dè é níbi tí ọ̀nà ti yà. Ta ló tún sọ bẹ́ẹ̀? Kò sí. Òun ti wá obìnrin náà dé òkè òkun, òpópónà kejì sí ilé-ìwé ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó rántí Agbẹjọ́rò tó lanu tó sì pa á dé. Ojú ewé méjìlá ti lọ, wọn ò ṣeé fà padà. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú márùn-ún àwọn ọmọ ṣì wà lọ́wọ́ wọn, ẹnì kankan ò tíì sọ ọ́.

Ó pa ìwé náà dé. Ó yà á lẹ́nu bí ara rẹ̀ ṣe balẹ̀.

"Tíṣà, mi ò ní yọ orúkọ wa. Mi ò sì ní dákẹ́. Lọ́la, mo máa sọ fún àwọn ọmọ pé Ìyá Alálùbọ́sà ò sí ní Bàgídáàdì, pé ẹ̀yin lẹ fi síbẹ̀, mo máa wá ka ojú ewé yìí fún wọn. Bá a ṣe wá a tá ò rí i, àti ohun tá a rí dípò ẹ̀, ni wọ́n máa sọ fún àwọn adájọ́. Bí wọ́n bá fi àsìkò wa kún ti ìṣirò, kí wọ́n fi kún un. Aago mẹ́wàá ni kíláàsì. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ wá, kẹ́ ẹ jókòó síwájú, kẹ́ ẹ sọ ti ìyá yín fún wọn fúnra yín."